Ohùn Kan ní Géètì Lọ́sàn-án Gangan

Bí wọ́n bá pè ọ́ tí o ò rí ojú ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Òfin ìyá mi nìyẹn, òun sì ni òfin kan ṣoṣo tí kò gba àwáwí nínú ilé wa. Ará Ọ̀ṣun ni ìyá mi, aránṣọ ni, yàrá kan ni àwa márùn-ún jọ ń gbé ní Ìtámàga nígbà yẹn. Mo wà lọ́mọ ọdún méje nígbà tí mo gbọ́ orúkọ mi láti ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án gangan, mo sì pariwo pé, "Mà!" Kí n tó pa ẹnu dé, àbàrá ti bà mí lẹ́nu. Ó ní, "Ta ló pè ọ́? O rí i? O mọ ẹni tó ń rìn kiri lọ́sàn-án gangan yìí?" A jọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ àfi okùn tá a ń sá aṣọ sí. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá pè mí, mo máa kọ́kọ́ lọ wo ojú ẹni náà kí n tó jẹ́.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló ṣe mí. Mo mọ òfin yẹn dáadáa kí n tó lọ bà á jẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ má bi mí léèrè bí mo ṣe di tíṣà ọ̀fẹ́. Ìbínú ló gbé mi débẹ̀. Mò ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní iléèwé aládàáni kan ní Ìkòròdú, èmi àti onílé-ìwé sọ̀rọ̀ síra wa níwájú àwọn ọmọ, mo ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo bá tèmi lọ. Oṣù méjì ni mo fi jókòó sílé tí mò ń wo àjà. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wá sọ fún mi pé iléèwé kan wà létí omi, lẹ́yìn Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Kútọnú, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò sówó oṣù níbẹ̀ o. Wọ́n á fún ẹ ní yàrá, wọ́n á fún ẹ lóúnjẹ, Ọlọ́run á sì san ìyókù. Mo ní mò ń lọ sókè òkun. Gbogbo àdúgbò ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Òkè òkun wo? Kútọnú tí àwọn ọlọ́jà ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ kan náà?" Mo ní ìlara ni wọ́n ń ṣe. Mo ra báàgì onítáyà, mo sì wọ́ ọ gba iwájú ilé wọn kọjá.

Yàrá mẹ́ta péré ni iléèwé náà, páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, omi sì sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tí ẹ bá ju òkúta láti ojú fèrèsé, ẹ ó gbọ́ nígbà tó bá já sínú omi. Ègùn ni àwọn ọmọ ń sọ nílé, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níléèwé, ọ̀pọ̀ wọn sì gbọ́ Yorùbá nítorí ọjà. Ànàgó ni obìnrin tó ń dáná fún àwa tíṣà, Yorùbá tiẹ̀ dùn ju tèmi lọ.

Lọ́jọ́ kìíní, mo ṣí rẹ́jísítà, mo tẹ orí ba, mo ń pe orúkọ. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Mo tún pè. Ọmọ tí mo pè dìde, ó rìn wá síwájú tábìlì mi, ó tẹ̀ wálẹ̀, ó yọjú wo ojú mi lábẹ́ ìwé, ìgbà yẹn ló tó sọ pé òun wà. Bí gbogbo wọn ṣe ṣe nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogójì ọmọ! Mo bi ìyá alásè léèrè, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, wọn kì í jẹ́ ìpè ẹni tí wọn ò rí ojú rẹ̀ níbí. Ẹ ò rí omi lẹ́yìn ilé wọn ni? Àbí wọn ò kọ́ yín nílé tiyín?"

Wọ́n kọ́ mi o. Ó yẹ kí ẹnu máa ta mí lójú ẹsẹ̀ yẹn níbi tí ìyá mi ti gbá mi. Àmọ́ mo ti di tíṣà nílẹ̀ òkèèrè, ojú mi ti là, mo ní ìyẹn ò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Mo wá dá eré kan sílẹ̀. Láràárọ̀, mo máa ní kí gbogbo kíláàsì kọjú sí ògiri. Èmi á dúró sẹ́yìn wọn, màá máa pe orúkọ. Ẹni tí mo bá pè á na ọwọ́ sókè, á ní, "Pírẹ́sẹ́ǹtì, mà!" kò sì gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ yẹn ò ní sọ̀ kalẹ̀ títí màá fi pe orúkọ ẹni tó kàn. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn, inú oòrùn ló máa dúró sí. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, tí wọ́n wá ń fi ṣeré lójú ọ̀nà. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á kọjú sí igi, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ mí ní Àǹtí Pírẹ́sẹ́ǹtì. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó ga, ó dúdú, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Tí mo bá pè é, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yíjú wò mí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi dúró sínú oòrùn nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ojú ń pọ́n ọn, kò sunkún. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyá àgbà fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ dákun. Omi ló mú ìyá ọmọ yìí lọ. Ẹ má kọ́ ọ kó máa jẹ́ ìpè tí kò mọ̀."

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Èmi ò tiẹ̀ dì í mú, mo kàn là á mọ́lẹ̀ ni. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kọ́mọ yín lajú. Tí ẹ ò bá fẹ́ kó kàwé, ẹ mú un lọ sílé." Sí ìyá arúgbó! Ó wò mí títí, kò bú mi, ó yí padà, ó ń tẹ ọ̀pá rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe ọmọ náà. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Pírẹ́sẹ́ǹtì, mà." Mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó o nínú gbogbo wọn. Òun ló ń bá mi ru ìwé délé, òun ló ń fi ìbéèrè pa mí lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní lẹ́tà kíkọ, mo kọ àdírẹ́sì tèmi ní Ìtámàga sójú bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà ilé, orúkọ àdúgbò, gbogbo ẹ̀, kí wọ́n lè rí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí apá ọ̀tún lókè ìwé. Gbogbo wọn dà á kọ. Òun nìkan ló béèrè pé, "Àǹtí, ṣé ilé yìí wà lóòótọ́?" Mo ní ó wà. Ó ní ṣé òun lè wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan? Mo ní, "Ìgbàkígbà. Tí o bá ti dé géètì, pè mí, màá dá ọ lóhùn."

Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, mo wá sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ní màá lò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ìyá alásè pè mí, ẹkún ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já geere. Ó ní ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èèyàn lọ sọ́jà ní ìdájí ti dà nínú kùrukùru. Wọ́n ti rí àwọn kan, wọn ò rí ọmọ yín yẹn. "Ọmọ yín" ló pè é. Ó wá sọ èyí tí ì bá má sọ. Ó ní ọmọ kékeré kan tó yè ló sọ pé òun gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú kùrukùru, tó ń pariwo pé "Pírẹ́sẹ́ǹtì, mà! Pírẹ́sẹ́ǹtì, mà!" bí ìgbà tí ẹnì kan ń pè é. Lẹ́yìn náà, wọn ò gbọ́ ọ mọ́.

Yéè, mo gbé! Ọmọ tí omi mú ìyá rẹ̀ lọ, èmi ni mo jókòó tì í tí mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa dá omi lóhùn.

Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ìyá àgbà yẹn? Wọ́n ń pè mí láti ibẹ̀, wọ́n ń pè mí. Nọ́ńbà wọn á yọ lójú fóònù, màá da fóònù dojú bolẹ̀, màá jókòó tì í títí yóò fi dákẹ́. Nígbà tó sú mi, mo bùlọ́ọ̀kì gbogbo nọ́ńbà ilẹ̀ yẹn.

Ọdún méjì kọjá. Mo ríṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan níbi tí àwọn iléeṣẹ́ wà ní Ìkòròdú, iṣẹ́ òru, ọ̀sán ni mo fi ń sùn. Mi ò kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Tí ọ̀gá wa bá ń pe orúkọ wa lẹ́nu ọ̀nà, mo máa rìn dé iwájú rẹ̀ kí n tó jẹ́. Wọ́n rò pé mo gbéraga ni. Tí òjò bá rọ̀ tí omi ń ṣàn nínú gọ́tà, màá tan rédíò. Mo ń bẹ̀rù àárọ̀ tí kùrukùru bá sọ̀, mo ń bẹ̀rù bàsíà tó kún. Àgbàlagbà bíi tèmi.

Ọjọ́ Ajé kan báyìí, lọ́sàn-án gangan, mo sùn dé ìdajì, mo gbọ́ ọ láti géètì. "Àǹtí Pírẹ́sẹ́ǹtì!"

Orí mi wú. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn ní gbogbo Ìkòròdú, mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Ohùn rẹ̀ sì ni. Ó ti nípọn díẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ni yàrá mi wà, ẹ ò lè rí géètì láti ibẹ̀, àfi tí ẹ bá la kọ́rídọ̀ kọjá kí ẹ sì jáde sínú oòrùn. Mo fa aṣọ ìbora borí, mo ń ka Sáàmù, mi ò mọ èwo ni mò ń kà. Ó tún pè. "Gúùdù afutanúùnù, mà!" Ó fà á gùn bí gbogbo kíláàsì ṣe máa ń fà á. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi, torí ahọ́n mi ti fẹ́ dáhùn fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún wá. Ọjọ́rú, ó tún wá. Lọ́jọ́rú yẹn kò pariwo púpọ̀. Ó kàn ní, "Àǹtí, mo ti dé géètì." Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ṣéènì géètì mì díẹ̀, kò sí nǹkan kan mọ́.

Mo pe ìyá mi, tó ti padà sí Ọ̀ṣun, mo ròyìn fún un. Ó ní, "O ò dáhùn, àbí?" Mo ní mi ò dáhùn. Ó ní, "O káre, ọmọ mi. Ó ti pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò ní wá mọ́." Òótọ́ ló sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ibi tí mo ti ń lọ wọ mọ́tò iléeṣẹ́ ni ìyá ẹlẹ́ja yìnyín tó kọjú sí géètì wa ké sí mi. Ó ní, "Àǹtí Tíṣà, ṣé ẹ rìnrìn-àjò ni? Ọmọbìnrin kan wá yín wá fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹ̀yin lẹ sì ní kí n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jí yín lọ́sàn-án."

Mo ní, "Ọmọbìnrin wo?"

"Ó ga, ó dúdú. Kì í ṣe Yorùbá gan-an. Ó mu omi lọ́dọ̀ mi, ó jẹ búrẹ́dì."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo béèrè. Mo ní, "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀?"

Ó wò mí, ẹ̀rín pa á. "Àǹtí! Oorun ṣì wà lójú yín. Ó kanlẹ̀ o. Bàtà rẹ̀ gan-an ló já, èmi ni mo bá a fi okùn so ó." Ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ àwo òṣùwọ̀n. "Ó ní kí n fún yín."

Ewé ìwé iléèwé ni. Àdírẹ́sì mi wà ní apá ọ̀tún lókè, nọ́ńbà ilé, orúkọ àdúgbò, ìlà kan ò yẹ̀ sí bí mo ṣe kọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Ó ní ìyá àgbà ti kú. Ó ní òun wà ní Ejìnrìn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá òun, obìnrin kan sì ń bọ̀ tó máa mú òun lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Gàbọ́n, ọjọ́ ọjà Ejìnrìn ni wọ́n máa lọ. Òun ò fẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá òun yìí ní tí tíṣà òun bá gbà láti mú òun sọ́dọ̀, òun ò ní lọ sí Gàbọ́n mọ́. "Àǹtí, mo lè fọ aṣọ, mo lè dáná, mi ò ní yọ yín lẹ́nu." Mo béèrè ọjọ́ ọjà Ejìnrìn lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja. Ó ní ọ̀la ni.

Mi ò lọ síṣẹ́. Ìdájí ni mo wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́ ní Ìtámàga, mo sọ̀ ní Kétu tó wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, mo gun ọ̀kadà wọ Ejìnrìn. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù ọjà. Wọ́n júwe ilé ẹlẹ́ja yíyan fún mi. Obìnrin náà wà nídìí ààrò, èéfín bo ojú rẹ̀, ó gbọ́ pé èmi ni tíṣà, ó sì dìde.

Ó ní, "Háà. Ẹ̀yin náà rèé? Wọ́n ti lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti wọ ọkọ̀ ojú omi mìíràn. Ọmọ yìí ò jẹ́ ká gbádùn, tíṣà òun, tíṣà òun. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ gbà á là?"

Mo ní, "Èmi?"

"Lọ́jọ́ tọ́kọ̀ dà. Àwọn apẹja wà nínú kùrukùru tí wọ́n ń wá èèyàn, wọ́n ń pè, ẹnikẹ́ni ò rí wọn. Àwọn tó wà nínú omi dákẹ́, ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wọn. Òun nìkan ló ń dáhùn, ọ̀rọ̀ yín yẹn ló ń sọ, wọ́n sì ń tọ ohùn rẹ̀ bọ̀ títí wọ́n fi bá a. Apá Àgbádárìgì ni wọ́n gbé e gbà lọ, ọjọ́ mẹ́ta kó tó délé. Wọ́n pè yín pè yín láti sọ fún yín." Ó fi aṣọ nu ojú. "Nígbà tó dé lọ́jọ́rú tó ní ẹ ò dáhùn, èmi ni mo sọ fún un pé ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ẹ á dá ẹ lóhùn. Ó ní ó dáa, òun máa lọ."

Mi ò rántí ohun tí mo sọ. Mo mọ̀ pé obìnrin náà ní gèlè yẹ́lò ni ọmọ náà wé. Mo mọ̀ pé mo ń pariwo mọ́ ọlọ́kadà láti Ejìnrìn dé Ẹ̀pẹ́ pé kó sáré, ó sì ní, "Màámi, ṣé kí n fò ni?"

Nígbà tí mo dé jẹ́tì, ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò. Àwọn èrò jókòó ní ìlà ìlà, wọ́n kọjú síbi tí wọ́n ń lọ, ẹ̀yìn wọn ló wà sọ́dọ̀ wa. Gèlè yẹ́lò wà ní ìlà kẹta. Mo fi gbogbo ohùn mi pe orúkọ rẹ̀.

Baba àgbà kan, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tó jókòó tòun ti tẹ̀sùbáà lẹ́bàá mi, fò dìde. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o ò lẹ́kọ̀ọ́ ni? Wọn kì í pe orúkọ èèyàn lórí omi!" Mo tún pè é.

Ọwọ́ kan gòkè láàárín wọn, ó nà tààrà. Mo gbọ́ ọ láàárín ariwo ẹ́ńjìnnì, mi ò lè ṣì í gbọ́. "Pírẹ́sẹ́ǹtì, mà!"

Kò bojú wẹ̀yìn.

Mo ní, "Bojú wẹ̀yìn! Èmi nìyí! Wò mí!" Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ti wọ inú omi dé orúnkún, baba yẹn ló di aṣọ mi mú. Ẹ́ńjìnnì ti le sí i. Ọwọ́ náà ṣì wà lókè. Ó ń dúró kí n pe orúkọ ẹni tó kàn, kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Mi ò ní orúkọ ẹlòmíràn tí màá pè. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà ṣe lọ tòun ti ọwọ́ yẹn, títí mi ò fi rí i mọ́.

Mo lọ sí tésàn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo ti ṣí gbogbo nọ́ńbà tí mo bùlọ́ọ̀kì. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ò tíì gbọ́ nǹkan kan títí di òní, èmi náà ò sì gbọ́.

Mo ti bẹ onílé, ó ti fún mi ní yàrá iwájú. Mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru. Tí wọ́n bá pè lọ́sàn-án gangan, ì báà jẹ́ ọmọ aládùúgbò, ì báà jẹ́ afẹ́fẹ́ ló mì ṣéènì, mò ń dáhùn kí n tó dìde. Ìyá mi gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ta lò ń dá lóhùn?" Mo ní mi ò mọ̀.

Lọ́sàn-án àná, mo gbọ́ ẹnì kan. Mo ní, "Mo wà ńlé o, mò ń bọ̀!" Mo sáré jáde láì wọ bàtà, mo ṣí géètì. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí.